Dùùrù Tó Kúrò Nílé

“Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó ha ògiri,” ni Túnbọ̀sún ń sọ fún àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbé dùùrù Wúrà, ọmọ rẹ̀, jáde kúrò nínú apátímẹ́ǹtì wọn ní Richardson, lókè òkun. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Wúrà wà níléèwé. Mobọ́lá, ìyá rẹ̀, ń sùn ní yàrá, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Wúrà máa ń tẹ orin jáàsì àwọn ará Norway fún ìyá rẹ̀. Orin náà kì í kánjú. Á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á dákẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí omijé dí lọ́nà. Létí Túnbọ̀sún, orin òkú ni. Ẹni tó ṣì ń mí, ta ní ń kọrin arò fún un? Ó fi dùùrù náà ta ṣọ́ọ̀ṣì kan ní DeSoto lọ́rẹ.

“Sharon tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló lọ fẹjọ́ ariwo sùn, ni wọ́n ṣe ní ká gbé e kúrò,” ló sọ fún Wúrà.

Láti ọjọ́ náà ni Túnbọ̀sún kò ti dáhùn ìkíni Sharon mọ́, kí irọ́ náà lè dúró. Ó bá obìnrin náà yan odì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé Sharon kò ṣe nǹkan kan.

Ní Sátidé tó kọjá, Wúrà tẹ dùùrù fún èrò ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Richardson. Túnbọ̀sún jókòó síwájú. Ó dá orin kejì mọ̀: èyí tí Mobọ́lá fẹ́ràn jù ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbọ́ ikú kankan nínú rẹ̀. Ó dà bí ọwọ́ tó ń rọra ra iwájú orí ẹni tí ara ń ro. Ojú tì í, ó wolẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá àgbà kan fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Sharon ni.

“Wúrà! Mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n mi kí n lè gbọ́ ẹ. Kí ló dé tóo dáwọ́ dúró nígbà yẹn?” ló fi Gẹ̀ẹ́sì bi í.

Ojú Wúrà le. “Kí ló dé kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ wa sùn ni?”

“Èmi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Daddy, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ó ti di bàbá rẹ̀ lápá mú. Kó kàn tẹ̀lé e dé ìdí ọkọ̀ ló kù. Sharon ń wò ó. Kò bínú.

Túnbọ̀sún kò gbẹ́sẹ̀.

“Èmi ni,” ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ, kí Sharon náà lè gbọ́. “Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e. Sharon ò ṣe nǹkan kan.”

Wúrà fi apá rẹ̀ sílẹ̀. “Why?”

Bàbá rẹ̀ padà sí Yorùbá. “Mo rò pé orin yẹn ń pe ikú sí ìyá ẹ.”

“Mọ́mì ló ní kí n máa tẹ̀ ẹ́!”

“Mo mọ̀. Títí tó fi kú ló ń bi mí, ìgbà wo ni dùùrù máa padà.” Ó fẹ́ gbójú sókè wo ọmọ náà, kò lè wò ó. “Mo parọ́ fún òun náà.”