Yàrá Ìdúró

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó bá Bàbá Rúlà, ayàwòrán ilé ní ọ́fíìsì ìlú. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ní kó ya ilé-ẹjọ́ tí ìlú máa lò fún àádọ́ta ọdún. Níbi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ á ti máa retí ìpè akọ̀wé, ó kọ "yàrá ìdúró" síbẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, kí wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ ni. Àwọn tó ń ra àga fún ìjọba ka ìwé náà fínnífínní, wọ́n ní ìdúró kúkú ni, àga kí ni? Wọn ò ra ẹyọ kan.

Ilé náà dára o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ògiri ń dán, fèrèsé sì gbòòrò. Ẹsẹ̀ ọmọ aráyé nìkan ni wọn ò rò mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Rúlà obìnrin wà lára àwọn tó ń jìyà ọ̀rọ̀ náà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹjọ́ ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sì ti pé ọdún mẹ́fà. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Adájọ́ ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á da ẹjọ́ náà nù.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, Bàbá Rúlà ru àga ọ́fíìsì rẹ̀ wá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dí i lọ́nà.

"Bàbá, kò sí àga nínú ìwé o. Yàrá ìdúró ni wọ́n kọ."

"Èmi ni mo kọ ọ́!"

"Ẹ kú iṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ gbé e padà."

Ó mú àwòrán ilé náà gun òkè lọ tọrọ àga lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ilé-ẹjọ́ fún ogún ọdún tó ń bọ̀. Alága gbọ́ ọ dáadáa, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

"A ó fi sí ìpele kejì, sà. Ọdún mọ́kànlá sí i."

Bàbá Rúlà ká àwòrán rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara ti ògiri. "Kí ni wọ́n wí?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"Áà, àbúrò mi. Orúnkún yìí ò lè dúró dè é."

Ojú tì í gan-an. "Ẹ lọ jókòó síta, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi á bá yín dúró. Bí wọ́n bá ti pè yín, màá ké."

Bí ọkùnrin tó ya yàrá náà ṣe kọ́kọ́ dúró sínú rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí bàbá kan tó fọ̀pá tilẹ̀ fi sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá èmi náà dúró." Aboyún kan tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, kò ka iye wọn mọ́, ó ń kọ orúkọ wọn sẹ́yìn àwòrán tó gbé lọ bá alága.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ó ké, obìnrin náà wọlé lásìkò, adájọ́ sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

"Ó yá, ká máa lọ sílé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí nígbà tó jáde.

Bàbá Rúlà wo ẹ̀yìn àwòrán náà. Orúkọ mẹ́sàn-án ló kù.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mo ṣì wà lórí ìdúró."