Díìsìkì Mẹ́rin

"Ọ̀gá, mẹ́rin péré ló wà nínú páálí yìí o. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ sínú ìwé."

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pe obìnrin tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú sáfà, ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo. Díìsìkì tuntun ló fẹ́ tò sínú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìwé ìgbọjà fẹ́ ara rẹ̀.

"Mẹ́rin, mẹ́jọ, ṣé wọn ò ní wọlé ni? Fọwọ́ sí i."

"Méjì-méjì la máa ń tò wọ́n, sà. Ohun tá a bá kọ sórí ọ̀kan, a máa kọ ọ́ sórí ìkejì, torí bí ọ̀kan bá kú. Mẹ́rin ò lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà náà." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ta ọjà yìí fún wa ti ṣe mí lóore, mi ò ní dójú tì í. Àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ rẹ yìí pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà o."

Obìnrin náà mọ̀ pé ìhalẹ̀ ni. Ẹni tó wà lórí àga rẹ̀ tẹ́lẹ̀ béèrè irú ìbéèrè yìí rí, kò sì níṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ló sọ nínú ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ síwèé. Ó to díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ àkọsílẹ̀ gbogbo sórí wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀gá kó àwọn ti àtijọ́ sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun mọ ẹni tó ń rà wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ló fi ń jẹun. Bí sáfà bá dún fín-ín, á sáré lọ wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, díìsìkì kan ṣe gbì, gbì, ó sì dákẹ́. Obìnrin náà yọ ọ́, ó tún tì í wọlé. Pàbó. Kó tó dìde, nọ́ọ̀sì kan ti sáré wọlé.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, a ò rí nǹkan kan mọ́! Opó aránṣọ kan ti dákú lórí bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, a ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Èwo ni?"

"Díìsìkì tó wà lórí rẹ̀ ti kú."

"Ṣé kò sí níbòmíràn ni?"

"Kò sí."

Àwọn méjèèjì sáré lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin opó náà dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó di bàtà ìyá rẹ̀ mọ́ àyà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ wo ni wọn kì í fún Màmá?" ni Ìyá Kọ̀ǹpútà bi í.

"Inú káàdì ni wọ́n kọ ọ́ sí, mà. Ẹ̀yin náà lẹ gbà á lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní ká má dààmú, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà."

Dókítà wo ojú opó náà, ó wo aago. "A ò lè dúró mọ́," ló wí, ó sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.