Páténtì Àpótí Fàsásì

Fàsásì, atún-fíríìjì-ṣe ní ẹ̀bá Gáràjì Ìkòròdú, kò gba ìwé láti ọwọ́ agbẹjọ́rò rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 2006. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò gùn: kí ó dẹ́kun ṣíṣe àpótí tí ó ń ṣe, nítorí páténtì rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ ẹni tí ó ni ìhùmọ̀, ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àpótí náà kò lẹ́wà. Irin pẹlẹbẹ ni, bátìrì ọkọ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ibùdó ìwádìí ẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ ni ó ṣe é fún. Dókítà Hàbíbàt, ọ̀gá ibẹ̀, ní ẹ̀rọ òyìnbó tí ń ka DNA ẹja. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ooru inú ẹ̀rọ a rẹlẹ̀, kíkà náà a dàrú, oògùn olówó iyebíye tí wọ́n fi ń kà á a sì ṣòfò. Àpótí Fàsásì a máa gbé ooru náà ró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. Ilé-iṣẹ́ méjì ní òkè òkun ni wọ́n ń du ọjà ẹ̀rọ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àpótí náà sì bá ti àwọn méjèèjì mu.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ògúnwálé, aṣojú ọ̀kan nínú wọn, rí àpótí náà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí iná kì í dúró, ẹni tí ó bá ni àpótí ni yóò ta ẹ̀rọ.

Fàsásì mú ìwé náà tọ Agbẹjọ́rò Ìbídùnní lọ.

"Ẹnjiníà, ta ni ó ti rí àpótí yìí kí Ògúnwálé tó forúkọ sílẹ̀?"

"Àwọn ará àsàlátù wa ni. Mo gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kí wọ́n ṣe àdúà sí i. Ṣé èèyàn á ṣe iṣẹ́ tuntun kó máa fi í pamọ́ bí ẹrù olè ni?"

"Èèyàn mélòó?"

"Wọ́n ju ọgọ́rin lọ. Mo tú u fún wọn, mo ṣàlàyé wáyà kọ̀ọ̀kan. Bùsàrí wẹ́dà tilẹ̀ ní ọwọ́ mi kò mọ́ níbi jíjó irin."

Ìbídùnní gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Òfin ní ohun tí gbogbo èèyàn ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Bí ẹ bá búra sí èyí, páténtì Ògúnwálé á fọ́. Ṣùgbọ́n tiyín náà kò ní í sí láéláé. Ẹnikẹ́ni tó bá wù ú ni yóò lè ṣe é."

Fàsásì gba ìwé rẹ̀ padà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń tún ohun tí ẹlòmíràn ṣe ṣe. Ohun kan ṣoṣo yìí ni ó ti inú orí tirẹ̀ jáde, ó sì ń fẹ́ ìwé tí yóò fi orúkọ òun sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Ògúnwálé wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. A ó fi orúkọ yín kún tiwa nínú páténtì. Kí ẹ ṣáà fọwọ́ sí i pé kò sẹ́ni tó rí àpótí yìí ṣáájú wa."

"Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kejì ńkọ́?"

"Ẹ kò ní í ṣe é fún wọn mọ́."

"Ọgọ́rin èèyàn ló ṣe àmín sí i, Ògúnwálé. Ṣé kí n sọ pé wọ́n dijú ni?"

"Ta ni yóò bi wọ́n?"

"Bùsàrí kò dúró de ẹni tí yóò bi í. Ẹni tó bú iṣẹ́ mi lójú gbogbo jàmáà!"

Ògúnwálé rẹ́rìn-ín, ó na ìwé àdéhùn kan sí i. Fàsásì gba ìwé náà, ó wo orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáradára, kò sí lẹ́tà kan tí ó yẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó dá a padà.

Ní ọjọ́bọ̀, ó fi Kùráánì búra ní kóòtù. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, adájọ́ fagi lé páténtì náà. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣe àpótí náà ní Èbúté àti ní Ìmọ́tà. Ilé-iṣẹ́ Ògúnwálé pàápàá ń ṣe tirẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Nígbà tí Fàsásì padà sí Ẹ̀pẹ́, Dókítà Hàbíbàt bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

"Ó dùn mí," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wo bátìrì yẹn."