Àsíá Inú Ilé Òsì

Ní Quzhou níbí, ní ilẹ̀ Ṣáínà, èmi àti bàbá mi jọ ń ta ayò ogun lórí kọ̀ǹpútà, méjì sí méjì. Ẹni tí wọ́n bá gba àsíá rẹ̀ ti kú. Ilé méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, lèèyàn lè fi í pamọ́ sí, ẹnì kejì rẹ kò sì gbọdọ̀ mọ èwo. Ìdí nìyí tí a fi ń jókòó ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje àdúgbò, bàbá mi gbé ọsàn bíbó wọlé fún mi. Bó ṣe padà sí yàrá rẹ̀, gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ sáré wá yí ilé òsì mi ká. Ibẹ̀ gan-an ni àsíá mi wà.

Mo pè é láti yàrá mi. “Bàámi, ẹ ti wo kọ̀ǹpútà mi.”

“Ọsàn ni mo gbé wá.”

“Ojú yín ńkọ́?”

“Yanqiu, wọ́n fẹ́ gba àsíá ọmọ mi, kí n wá máa wò wọ́n?”

Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ mo kọ̀wé sí tọkọtaya tí à ń bá ta á: “Bàbá mi ti rí àsíá mi. A gbà fún yín.” Bí ife ẹ̀yẹ tó ti ń wu bàbá mi tipẹ́ ṣe lọ nìyẹn.

Ọkọ fèsì: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹnu ọ̀nà nìyàwó mi ń gbé tíì mi sí.”

Báyìí, bàbá mi á kanlẹ̀kùn, á gbé ọsàn sílẹ̀, á sì sá lọ.