Ìkíni Tí Wọ́n Ń Fò

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú fóònù tí Túnráyọ̀ ń kà.

"'Ìyá mi, mo kí yín o,'" ó kà á jáde, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà tí kò sí níbẹ̀. "'Òtútù Kánádà yìí pọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí n lè pè yín. Ẹ máa lo oògùn yín. Èmi ni, Benedict.'"

Ìyá rẹ̀ àgbà ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì níwájú ilé. Kò gbójú sókè.

"Òtútù pọ̀," ni ó wí. "Ó ṣeun." Ó sì ń bá kòkó rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sin Benedict sí Àkúrẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ló takìtì lọ́nà Òfòsù. Àbíkẹ́yìn Ìyá ni, Ìyá nìkan ni wọn kò sì sọ fún; Kánádà ni wọ́n ní ó lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru; ìròyìn burúkú lè gbé e lọ. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Túnráyọ̀ ló ń ka fóònù fún un, orí Túnráyọ̀ ni irọ́ náà já lé.

Akólòlò ni Túnráyọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín in jẹ nílé ìwé, Ìyá mú un kúrò, Benedict sì ń wá kọ́ ọ nílé ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀kọ́ nípa ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ ni iṣẹ́ Benedict ní yunifásítì. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí, bọ̀ọ̀lì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn kan ní ká wo ibi tí nǹkan máa já sí, bó bá ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, ó dára. Àwọn kan ní rárá, ojúṣe ẹni ni ká ṣe, kódà bí ilé máa wó. Àwọn yòókù ní ká wo ẹni tó ń ṣe é: kí ni nǹkan yìí ń sọ ọ́ dà?"

"È-èwo lẹ̀yin gbà, Bùọ̀dá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò sí nínú ìdánwò."

Nísinsìnyí, nínú ilé ìdáná, Túnráyọ̀ ń gbọ́ àwọn àgbà méjì tó ń jà ní ohùn ìsàlẹ̀. Adésànyà, àkọ́bí Ìyá, lọ́yà, ni ọ̀kan. Bàbá Matthias, àbúrò ọkọ Ìyá, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ, ni èkejì.

"Bí gbogbo ẹni tó ń kàwé fún arúgbó bá ń ka tinú ara rẹ̀," ni Bàbá Matthias wí, "ẹnu ta ni arúgbó máa tún gbà gbọ́?"

"Ẹni tó bá wà láàyè ló ń gba nǹkan gbọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Màmá wà láàyè ná."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún…"

"Ogún ọdún kẹ̀! Oṣù kan péré là ń tọrọ."

Túnráyọ̀ mọ èyí tó ń wo ibi tí nǹkan máa já sí nínú wọn, ó mọ èyí tó di ojúṣe mú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo òun. Láti ìgbà tó ti ń ka fóònù òfìfo yìí, kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Irọ́ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá. Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù.

Nírọ̀lẹ́, òjìji òkè ti bo àgbàlá. Òun àti Ìyá ń kó kòkó jọ.

"Àkàndé wá láti oko Aládé láàárọ̀," ni Ìyá wí. "Ó béèrè ara mi, ó béèrè ẹsẹ̀ mi. Ó béèrè ewúrẹ́ pàápàá!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò béèrè pé, àwọn ọmọ ńkọ́. Ìyá ẹlẹ́pà ò béèrè. Matthias ò béèrè. Gbogbo Ìdànrè ń kí mi, wọ́n ń fo ọmọ bí ẹni ń fo kòtò."

Ọwọ́ Túnráyọ̀ dúró nínú kòkó.

"Wá kí mi, Túnráyọ̀. Kí mi tán."

Adésànyà ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mirí sí i: rárá, rárá. Ẹyin lohùn. Túnráyọ̀ rántí dókítà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Ṣé ara le?"

"Ara le."

Ó dé ibi tí gbogbo wọn ti ń fò.

"Ẹ… ẹ kú… ẹ kú a-a…"

Ọ̀rọ̀ náà há. Ìyá kò bá a fà á yọ. Ó dúró dè é, bó ti máa ń ṣe nígbà tí Túnráyọ̀ ń kọ́ ìwé kíkà.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ìyá."

Ìyá rọra jókòó sínú kòkó. Adésànyà sáré wá. "Màmá! Màmá!"

"Fi mí sílẹ̀, mi ò tíì kú." Ó kọjú sí i. "Ìwọ náà ò tíì kí mi."

Lọ́yà náà wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí tapólì.

"Ó rẹ̀ mí," ni Ìyá wí, "láti máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí tiyín." Ó wá la ẹnu, ó sì ké orúkọ ọmọ rẹ̀ títí òkè fi dá a padà.

Túnráyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Túnráyọ̀ kò mọ bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́ bá wọn. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan sí i. Ahọ́n rẹ̀ tún há, ó sì jẹ́ kó há.