Ojú Ìwé Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọjọ́rú ni ìròyìn náà dé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí obìnrin aránṣọ náà ń lẹ aṣọ ìbùsùn kẹtàdínlógún. Yàrá aṣọ ní ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tún èyí tó bá ya ṣe, kí ó ká etí èyí tó bá tú, kí ó sì fi òwú pupa rán nọ́ńbà wọ́ọ̀dù sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ka aṣọ ló kọ ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ sí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ àfi alágbàfọ̀, bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ wọlé láràárọ̀.

Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì. Orúkọ Ìyá Ojú Fèrèsé ló hàn, ó sì ti rẹ́rìn-ín kó tó ṣí i, bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn bí ó ṣe máa ń kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ Ìyá ni mí. Ìyá sùn lálẹ́ àná, wọn ò jí mọ́. Wọ́n fẹ́ràn yín púpọ̀. Ẹ ṣeun."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Alágbàfọ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dúró.

"Ta ló kú?"

"Òǹkàwé mi kan ni."

"Ẹ ti rí i rí?"

"Rárá."

"Ẹ mọ ohùn rẹ̀?"

"Lẹ́tà la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, lórí fóònù."

Bàbá náà fìdí lé òkìtì àpò ìrọ̀rí. "Ó dáa, ẹ máa sunkún. Ẹkún ò béèrè bóyá a ríra. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti wọ́ọ̀dù kẹrin nu ojú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀rín jáde.

Ká sọ òótọ́, ìyá yẹn ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, ẹnì kan mú un wọ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Yàrá Ìkàwé, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó wà níbẹ̀, ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe ara wọn, orí kan ni wọ́n sì ń kà nínú ìwé kan lọ́sẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ fún wọn, ó sì dúró. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan. Ìwé náà dà bí àlejò tí kò sí ẹni tó fún un ní àga. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni Ìyá Ojú Fèrèsé wọlé. Ó ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lòun, ẹsẹ̀ kò gbé òun mọ́, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé òun sí, ibẹ̀ lòun sì ti ń kàwé. Ó kọ̀wé nípa orí kìíní, ó fara balẹ̀ kọ ọ́, ó tọ́ka sí ibi tó dùn mọ́ ọn àti ibi tí kò yé e. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni àwọn yòókù fi ọwọ́ kan ìwé náà. Kí oṣù tó parí, ìwé Abẹ́rẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ibẹ̀ ni lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí kò lè sọ fún ẹnì kankan, ó ń sọ ọ́ fún arúgbó yẹn. Ó sọ bí òun nìkan ṣe tọ́jú ìyá òun títí ó fi kú ní èṣí, bí òun ṣe ń kọ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó sọ èyí tó wúwo jù: ẹ̀gbọ́n òun kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú mìíràn nígbà náà, ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti sin ìyá wọn tán ló tó dé. "N kò tíì dárí jì í," ló kọ. "Mo kàn ń bá a rẹ́rìn-ín ni."

Ọjọ́rú ni ìròyìn ikú dé. Ohun tó ń gún un lọ́kàn ni pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ kíkorò yẹn ni ohun tí arúgbó náà kà kẹ́yìn láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Ó ní kí ló dé tí ohùn àbúrò òun fi lọ sílẹ̀. Àbúrò sọ fún un pé òǹkàwé òun kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

Alága ẹgbẹ́ náà pè é tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé.

"Abẹ́rẹ́, ẹ mọ àṣà wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá lọ, a ó ka ojú ìwé tó fẹ́ràn jù sókè ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin. Kò sí ìwàásù, kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn. Ojú ìwé kan péré. Ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn jù. Ẹ wá èyí tó fẹ́ràn."

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, ó jókòó ti lẹ́tà méjìlélọ́gọ́ta. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń da àwọn ibi tó dára kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ní lẹ́tà gbọọrọ tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ fi kọ́ ọ. Ó rí i nínú lẹ́tà tó ṣe ogójì:

"Ibi tí ìyá ti ń gé bọ́tìnì kúrò lára ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tó kú, kó tó kó àwọn ẹ̀wù náà fún àwọn ẹlòmíràn, tó ń kà wọ́n sínú àwo bí ẹni ń ka ọmọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé yín. Nígbà tí mo kà á, mo gbé e sílẹ̀, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà."

Inú rẹ̀ dùn. Ó mú ìwé, ó ṣí orí kẹjọ. Kò rí i. Ó ṣí orí keje, ó ṣí ìkẹsàn-án. Ó wá ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìka rẹ̀ ń sá lórí ìlà. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dúró, kó tó di pé ọkàn rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Ojú ìwé yẹn kò sí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́, ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, nítorí pé ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì dà bí ẹni pé òun fẹ́ kó ìyà ìyá òun síta. Ó ya bébà náà sí wẹ́wẹ́, ó dà á nù. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹkọ̀wé bá yọ, kì í kúrò lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi fura nígbà tí ó kọ́kọ́ ka lẹ́tà yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ka ojú ìwé yẹn rí, ẹni tó bá a tẹ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọjọ́ Ẹtì ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. Yàrá tóóró kan ni, ẹ̀rọ fọ́tòkópì ń mí ooru sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá wọlé. Bíríkìlà kan jókòó lórí àga oníke, ó ń dúró de ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti orí awò ojú.

"Ọmọ ìyá mi, ṣé o ti jẹun? Ojú ẹ wú."

"Mò ń ṣọ̀fọ̀ ni, Àǹtí mi."

Ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ta ló sọ fún Ìyá Ojú Fèrèsé nípa bọ́tìnì bàbá wa?"

Bíríkìlà dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé mi kí ọ̀rọ̀ yín tó gbóná. Mo mọ ìgbà tí ògiri bá fẹ́ wó." Ó gba bébà rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ awò ojú. Kò jiyàn, bí ó sì ṣe yára gbà yẹn dùn ún ju kó jiyàn lọ.

"O ò jẹun fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ò ń wo fóònù yẹn bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò hó. Mo ní kí n kọ ẹyọ kan péré."

"Méjìlélọ́gọ́ta ni."

"Ò ń dá mi lóhùn. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ, 'ẹ káàárọ̀' àti 'a dúpẹ́' ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹ. Mi ò mọ̀ pé o ní ọ̀rọ̀ tó báyẹn nínú. Kò wù mí kó tán."

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá sọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ti ka lẹ́tà ọjọ́ Àìkú."

"Mo kà á." Ó ń fi etí aṣọ nu awò ojú tí kò dọ̀tí. "Mo fẹ́ fèsì. Mo ti kọ ọ́ tán, mo ní, 'Ọmọ mi, dárí ji ẹ̀gbọ́n rẹ.' Mo wá rí i pé ẹnu arúgbó ni mo fẹ́ fi gbèjà ara mi. Ojú tì mí. Bí mo bá jẹ́ kó wà láàyè, màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ni mo bá pa á."

"Ẹ wá pè mí. Ẹ ní Ọlọ́run á tù mí nínú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún wọ awò ojú rẹ̀. Àbúrò rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò mú inú rẹ̀ rọ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Òun ti ń ṣọ́ òde láti ọjọ́ yìí.

"Gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Má sọ fún wọn. Ka ojú ìwé kan lọ́la, kí ó parí síbẹ̀. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìwọ lo ṣe é. Wọ́n á ju ìwé ẹ nù, o ò sì ní rí òǹkàwé mọ́. Èmi lo fẹ́ jẹ níyà, ìwọ ni ìyà náà máa jẹ."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan, ẹ̀rọ sì pọ bébà kan jáde. "Ojú ìwé yẹn ṣì wà níbí. Mi ò lè pa á rẹ́."

Bébà náà gbóná lọ́wọ́. Ó gbà á, nítorí ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó jáde láìwẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin, ènìyàn igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà lórí ìlà. Alága ní kí gbogbo wọn dákẹ́, ó sì pe Abẹ́rẹ́.

"Kí n tó kàwé," ni ó wí, "Ìyá Ojú Fèrèsé kò kú. Kò sí i rí. Ẹnì kan nínú ẹbí mi ló ń kọ̀wé lórúkọ yẹn. Àná ni mo mọ̀."

Lẹ́yìn náà ni Gbàgbé-Oúnjẹ, ọ̀dọ́bìnrin tí ìwé kì í jẹ́ kó rántí oúnjẹ, bú sí ọ̀rọ̀.

"Mo ti yọ àwòrán mi kúrò láti Ọjọ́rú, mo fi dúdú sí i. Ta ni mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nígbà náà?"

"Mo ti kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọmọ rẹ̀," ni ẹlòmíràn wí. "Ó fèsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, "Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ, kí ìwé rẹ lè lókìkí?"

"Ẹ ò lè mọ̀," ni ó dáhùn. "N kò ní ẹ̀rí kankan. Bó ṣe rí lójú yín, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lójú tèmi, bí mo bá wà nípò yín."

"Ta ni ẹbí náà?"

"N kò ní dárúkọ rẹ̀."

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lórí ìlà. Igba di àádọ́jọ. Gbàgbé-Oúnjẹ kò kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Nígbà tó yá, ó ku mọ́kànlélógójì. Ó jókòó, ó ń wo àwọn ènìyàn tó kọ́ ọ bí a ti ń jẹ́ òǹkọ̀wé bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀, kò sì pe ẹnì kankan padà.

Alága wúkọ́. "Abẹ́rẹ́, a ti péjọ. Ṣé ojú ìwé wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kà á fún kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ìyá mi ni. Kò mọ̀wé kà. Mi ò ka nǹkan kan fún un nígbà tó wà láyé, mo ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, mi ò sì sọ ohun tí mò ń kọ fún un."

Alága rò ó. "Òfin wa ò sọ pé olóògbé gbọ́dọ̀ mọ̀wé kà," ló wí níkẹyìn. "Ẹ máa kà á."

Ó wo àwọn orúkọ tó kù. Lábẹ́ pátápátá, Ìyá Ojú Fèrèsé wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Kò ní kí Alága lé e jáde. Kò sì kí i. Ó tẹ́ bébà náà sórí orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè, díẹ̀díẹ̀, láti ibi tí ìyá ti mú ẹ̀wù àkọ́kọ́ tó sì wá sísọ́ọ̀sì tí yóò fi gé bọ́tìnì.