Lókè Odò Ọya, Nínú Ọyẹ́

Wo ọkọ̀ òfuurufú kékeré náà, bí eṣinṣin tó já sínú igbá ògì. Funfun lókè, funfun nísàlẹ̀, funfun lọ́tùn-ún, funfun lósì. Ọyẹ́ ti gbé ilẹ̀ mì, ó ti gbé ọ̀run mì, ó wá ń tọ́ ìyẹ́ ọkọ̀ wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ìbídùn ló ń wà á. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Oyèníran, ló jókòó tì í, agbádá ká lórí orúnkún. Sókótó ni wọ́n ń lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n Bàbá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ohùn rẹ̀ ń gbẹ lórí tẹlifóònù bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Láàárọ̀, ní Ìbàdàn, Ìbídùn ti mọ̀ pé ọyẹ́ yìí kò ṣeé bá jà. Ó kúnlẹ̀, ó la ẹnu láti sọ ọ́. Bàbá ní ọyẹ́ kì í ṣe òkè, ẹnìkan kì í forí gbá a. Ọmọ tí a kọ́ ni Ìbídùn. Kò mọ bí a ti í já àgbà ní koro. “Ó dáa, sà,” ló wí. Gbólóhùn kan péré, ẹ̀mí méjì ló gbé sókè.

Odò Ọya ti kọjá lábẹ́ wọn, okùn idẹ tó tàn lẹ́ẹ̀kan, tó kú. Láti ìgbà náà, kò sí igi, kò sí òrùlé, kò sí ọ̀nà. Láti Sókótó, ohùn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ń sọ sí i létí lórí rédíò pé àwọn kò rí ojú pápá mọ́, kí ó má wá. Epo tó kù yóò gbé wọn padà dé Ìlọrin, níbi tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́, bí wọ́n bá yí báyìí. Bí wọ́n bá tún sún síwájú, kò ní gbé wọn dé ibì kankan.

Ẹ̀rọ ń kùn. Bàbá ní kí ó máa lọ, pé ẹ̀gbọ́n òun ń retí òun, pé ikú kò ní dúró de àwọn.

Kò sí àyè ìkúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré. Orí nìkan ni Ìbídùn tẹ̀ ba.

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo ń yí padà.”

Ìyẹ́ òsì rẹlẹ̀, ìyẹ́ ọ̀tún ròkè. Bàbá kò wo ọmọ rẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà Sókótó, tó ń di ẹ̀gbẹ́, tó ń di ẹ̀yìn. Ó ṣí fìlà. Ó wá pe oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọyẹ́, bí a ti ń pe ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ lọ, kí ó lè padà: Àlàó. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ya. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn kò jáde.

Ìbídùn, tí kò pe àgbà lórúkọ rí láyé rẹ̀, ló bá a pè é.

Àlàó.

Àlàó o.